Ọdún Kan Sí I fún Igi Ọ̀pọ̀tọ́



Nínú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́, orí 13, Olúwa wa pa òwe ọkùnrin kan tí ó gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ sínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń wá èso lórí igi náà, kò sì rí ẹyọ kan. Ó sú u. Ó pàṣẹ pé kí a gé e, nítorí pé ó kàn ń gba ilẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́jú ọgbà náà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ó ní òun yóò tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, òun yóò sì fi ajílẹ̀ sí i. Ìjọ Mímọ́ a máa ka òwe yìí fún wa ní àkókò Lẹ́ńtì, a sì máa ń fi í yẹ ara wa wò. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a fi í wo ọ̀ràn kan tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa: ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí ń gbá bọ́ọ̀lù, pàápàá àwọn tí eré náà kò tíì gún régé lọ́wọ́ wọn.

Kò sí ẹni tí ń gbé ní Ìjọra, ní Badia, ní Àpápá tàbí ní Ajégúnlẹ̀ tí kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré lásán ní ọ̀dọ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́, ibikíbi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí láàrin àwọn tírélà, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ti to òkúta fún mọ́ńkí pósìtì. Ní pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀, àgbàlagbà a dúró ti ọmọdé láti wòran. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti gbé ìrètí gbogbo ìdílé ka orí ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo: owó ilé, owó ilé ìwé àwọn àbúrò, oògùn ìyá. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá gbá bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn ènìyàn rí pé ó sọnù. Wọn a pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ igi. Wọn a pè é ní olórí burúkú. Ó máa ń jẹ́ àwọn tí wọ́n gbé e sókè ní ọjọ́ Sátidé náà ni wọn yóò fi í bú ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ rántí Odion Ighalo. A bí i ní Èkó ní 1989, Ajégúnlẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, 2018, ní ìlú St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Nàìjíríà ń bá Ajẹntínà gbá nínú Ife Àgbáyé. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún Ighalo níwájú ilé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò wọlé. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, Ajẹntínà gbá èkejì wọlé, ó di 2 sí 1, a sì jáde kúrò nínú ìdíje. Láti ọjọ́ náà ni èébú ti ń rọ̀ lé e lórí bí òjò. Àwọn kan tilẹ̀ halẹ̀ pé àwọn yóò pa á, wọn kò sì yọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, ará mi: nítorí bọ́ọ̀lù, ènìyàn halẹ̀ ikú mọ́ ọmọ bíbí inú ìyá kan.

Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Gernot Rohr ará Jámánì, kò gé igi náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ní ìlú Uyo, Ighalo gbá góòlù mẹ́ta wọlé Líbíà nínú eré kan ṣoṣo. Ní 2019, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó gbá góòlù 5 wọlé nínú ìdíje Ife ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Tùnísíà fún ipò kẹta ní ọjọ́ 17 oṣù keje. Ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó wà láàrin ọjọ́ èébú àti ọjọ́ ìyìn.

Ọmọ Èkó mìíràn wà tí ọ̀ràn rẹ̀ jọ ti igi ọ̀pọ̀tọ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni ó ti ń gbá tirẹ̀. Nelson Agholor ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Èkó ní 1993; ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ilẹ̀ náà kì í ṣe irú tiwa. Ó rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń mú un. Ẹnìkan a ju bọ́ọ̀lù náà láti ẹ̀yìn; ẹlòmíràn a sáré lọ síwájú láti gbà á sọ́wọ́ lójú òfuurufú. Iṣẹ́ ẹni tí ń gbà á yìí le púpọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ti gbà á tán, alátakò kan ti ń bọ̀ láti wó òun lulẹ̀. Bí ó bá gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù láti wo ẹni tí ń bọ̀, bọ́ọ̀lù yóò já bọ́. Ìbẹ̀rù ni ọ̀tá ọwọ́ rẹ̀.

Ní 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ Yunifásítì ti Gúúsù Kalifọ́níà. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ wà níwájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù 19 péré ni ó sì gbà sọ́wọ́ ní gbogbo ọdún náà. Ní 2013, ó di 56. Ní 2014, ó di 104. Ní 2015, ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó, yàn án, gbogbo ènìyàn sì ń retí èso. Ṣùgbọ́n 23 ni ó gbà ní ọdún náà, 36 sì ni ní 2016. Àwọn tí ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn òǹwòran ń kà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, 2016, ní ìlú Seattle, bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú eré kan náà, ó dúró sí ibi tí òfin kò gbà, a sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fagi lé àmì tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà. Lẹ́yìn eré náà, ó sọ fún àwọn oníròyìn láìfi bò pé ọkàn òun ni kò balẹ̀.

Kí ni Doug Pederson, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ṣe? Ó ní kí ó sinmi ní eré tí ó tẹ̀ lé e, kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Ní 2017, a fún un ní olùkọ́ tuntun, a sì ṣí i nípò kúrò ní etí pápá wá sí ìhà àárín, níbi tí iṣẹ́ ti bá a mu jù. Ní ọdún náà, tí í ṣe ọdún kẹta rẹ̀, bọ́ọ̀lù 62 ni ó gbà, ó sì gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ní ìgbà 8. Ní eré àṣekágbá ní Minneapolis, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, 2018, bọ́ọ̀lù 9 ni ó gbà, kò sì sí ẹni tí ó gbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Eagles borí Patriots ní 41 sí 33, wọ́n sì gba ife Super Bowl fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe pé a ti gé igi náà ní ìparí 2016, ta ni ìbá jẹ èso 2017?

Ẹ má sì ṣe rò pé ìṣòro rẹ̀ parí síbẹ̀. Ní 2019, bọ́ọ̀lù tún ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní 2020, ó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, ó sì tún so èso. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwa Kristẹni. A kì í dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kúnlẹ̀ níbi Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣàkíyèsí pé olùtọ́jú ọgbà náà kò sọ pé òun yóò kàn máa wo igi náà. Ó ṣèlérí iṣẹ́. Sùúrù tí kò ní iṣẹ́ nínú, àìbìkítà ni. Láti tu ilẹ̀ ìdí ọmọ ni láti bi í léèrè ohun tí ń ṣe é: ǹjẹ́ ó ń jẹun yó? Ǹjẹ́ ó ń sùn? Ǹjẹ́ ẹrù tí ẹ gbé lé e kò ti pọ̀ jù fún èjìká rẹ̀? Láti fi ajílẹ̀ sí i ni láti rán an lọ sí ilé ìwé, láti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, àti láti gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìbáwí bá yẹ, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi tòsì fà á mọ́ra. Jòhánù Bosco Mímọ́ kó àwọn ọmọ òtòṣì jọ ní ìlú Turin; ó bá wọn ṣeré, ó sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Kò ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàlà wọn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń wá èso òjijì. Wọn a wá bá òbí pé kí ó mú owó wá, àwọn yóò fi ọmọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ńlá ní Yúróòpù. Òbí a ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, a yá owó èlé. Bí owó bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn a fi ọmọ sílẹ̀ ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ṣe tán láti tu ilẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ká èso. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ mú un tọ ẹni tí ó mọ òfin lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn àgbà tún ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú sá kúrò ní ilé Ọlọ́run nítorí pé a kò mú yín nínú ẹgbẹ́ kan tàbí pé ẹ kò yege nínú ìdánwò. Ẹ fi ẹnu yín sọ ohun tí ń dà yín láàmú, bí Agholor ti ṣe. Gbogbo ọgbẹ́ tí a bá fi pamọ́ ni í kẹ̀.

Bí ọdún kan náà bá wá kọjá ńkọ́, tí góòlù kò dé? Olúwa wa kò sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ igi náà ti parí. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí olúkúlùkù wa lè parí rẹ̀ nínú ayé tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní dé Yúróòpù. Wọn yóò di káfíńtà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ èbúté, bàbá ọmọ. Bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́ àti aláàánú níbẹ̀, èso tí Ọlọ́run ń wá ni wọ́n so yẹn, nítorí Ọlọ́run kò béèrè ife wúrà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwà ni ó ń wá lórí igi wa.

Nítorí náà, ará, kí olúkúlùkù wa lọ wá ọ̀dọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, nínú ilé rẹ̀ tàbí ní àdúgbò rẹ̀, ẹni tí a ti ń fi àáké wò. Kí ó bẹ̀bẹ̀ fún un, kí ó sì mú ọkọ́ dání. Kí Jésù Krístì, tí ń bẹ̀bẹ̀ fún wa lọ́dọ̀ Bàbá lójoojúmọ́, fún wa ní sùúrù olùtọ́jú ọgbà náà. Kí Màríà, Ìyá wa, máa gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa. Àmín.