Ọ̀dà Pupa Lára Ìkọ́ Ọkọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run

Ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ni irin kọdọrọ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ férémù, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ ró, kí ọkọ̀ mìíràn lè fi okùn tàbí ṣéènì kọ́ ọ fà jáde bí ó bá rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ń gbé jíìpù wọ igbó a máa kun ìkọ́ yìí ní ọ̀dà pupa tó ń tàn. Ọ̀ṣọ́ lásán ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀sìn kan wà nídìí rẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tó ń kun ìkọ́ de ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò rì kò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ọjọ́ náà, tí ó sì fi hàn pé àdúrà tí òun gbà kí ó tó ṣíná ọkọ̀ kò dá òun lójú?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ fún ará Ìjẹ̀bú-Imuṣin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú kan náà ni apá kan Igbó Ọmọ wà, igbó ọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500, tí UNESCO sì fi kún àwọn igbó tí ayé ń ṣọ́ ní 1977. Láti apá J4 nínú igbó náà ni agbégilódò, ọkọ̀ ńlá tó ń kó gẹdú, ti ń jáde, bí òjò bá sì ti rọ̀, ọkọ̀ tó bá rì síbẹ̀ kò ní olùgbàlà mìíràn ju ẹni tó bá kọjá lọ. Àwọn awakọ̀ agbégilódò a máa so aṣọ pupa mọ́ ìdí igi tó bá yọ jáde lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà forí sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí pé ìjàǹbá ni wọ́n ń pè.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó wà nínú ìbéèrè náà yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára, pé àfọ̀ṣẹ, ìyẹn agbára tó ń mú kí ohun tí a sọ ṣẹ, wà, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá dárúkọ ibi fi ń gbọ́ “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣe ọwọ́ yàtọ̀ sí èpè. Alágbẹ̀dẹ tó bọ Ògún tán ṣì ń fẹná sí irin. Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, mọ̀ nípa hádíìsì tó wà nínú àkójọ Tirmidhi, níbi tí ọkùnrin kan ti béèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tí Ànábì sì ní kí ó so ó ná kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E.

Ìdáhùn yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì kún, nítorí ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló ń wò. Olówó ọkọ̀ mọ ibi tí ìkọ́ rẹ̀ wà. Àjèjì tó bá wá ràn án lọ́wọ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí FIA, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀, fi pàṣẹ pé kí ìkọ́ ìfà ọkọ̀ ìje hàn kedere, kí ó sì jẹ́ pupa, àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, àwọn irin mìíràn wà tó jọ ìkọ́, tí wọ́n kàn fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lálẹ́ bá fi ṣéènì kọ́ irú wọn, irin náà lè já, kí ó fò bí ọta ìbọn, kí ó sì pa ẹni tó wá ṣoore. Ẹni tó bá sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò jẹ́ kí òun kun ìkọ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń dán ìgbàgbọ́ náà wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù nìyí: ọ̀dà kì í fún irin lágbára. Nínú ìwé tí Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen tẹ̀ jáde ní 1986, wọ́n ṣàlàyé pé lójú Yorùbá, ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, ìgbàgbọ́ sì ni ohun tó gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Ojú ni olùrànlọ́wọ́ fi rí ibi tí ìkọ́ wà, ṣùgbọ́n agbára ìkọ́ náà, àfi kí ó gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó kun ìkọ́ ti jẹ́rìí sí i. Ó di dandan kí ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí ó yẹ ibi tí irin ti tẹ̀ wò bóyá ó ti sán, kí ó sì dán bóòtù rẹ̀ wò, torí ọ̀dà tó nípọn a máa bo ibi tó sán mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì kun irin ìsomọ́lẹ̀ ní pupa kí ọkọ̀ lè tà ti jẹ́rìí èké láìla ẹnu, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì kéré nínú ẹ̀sìn kankan nítorí pé ọ̀dà ló fi sọ ọ́. Irin tí kò bá dáni lójú, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ṣéènì bá sì ti bó ọ̀dà rẹ̀, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà àkọ́kọ́ kí ọwọ́ tó tún kan ọ̀dà.