Sọ́séèjì Kòríà ní Adó, Gaàrí ní Ìyìn

Ọmọbìnrin kan wà ní agbègbè Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì tó ń ta oúnjẹ tó pè ní ti Kòríà. Tábìlì mẹ́rin péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àga oníke sì ni gbogbo àga ibẹ̀. Sọ́séèjì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ń fi igi gún un, á fi ìyẹ̀fun pípò bò ó, á sì dín in. Ó ń gé e wẹ́wẹ́ sínú Indomie. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo èèyàn ń torí ẹ̀ wá ni ìkòkò kékeré kan tó máa ń gbé wá síwájú ẹni nígbà tó ṣì ń hó: sọ́séèjì, nódùùsì, ẹyin, kábéèjì tó ti kan díẹ̀, nínú omi ọbẹ̀ tó pupa fòò. Ata rodo àti oyin wà nínú ọbẹ̀ yẹn, ẹnu mi ò lè parọ́ fún mi. Ó ní ata Kòríà gidi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé wọ́n ń bá òun rà á wá láti Èkó. ₦4,500 ni ìkòkò kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ìyá mi lọ síbẹ̀. Wọ́n wá láti Ìyìn kí wọ́n lè yẹ ojú wọn wò ní Adó, a sì pẹ́ níbẹ̀ títí ebi fi ń pa wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá mi, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé sì ni wọ́n. Lójú tiwọn, ohun tí kì í bá ṣe uyán (bí a ṣe ń pe iyán nílé wa nìyẹn), ìpápánu ni. Bí mo bá ní kí n mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta iyán, wọ́n á ní iyán ẹ̀rọ ni, wọn ò ní jẹ ẹ́. Mo wá rò ó pé, kúkú jẹ́ n gbé wọn lọ síbi tí wọn ò ti ní rí nǹkan kan fi wé tilé.

"Mọ́mì, ẹ kú àbọ̀ mà," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì kúnlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n ní oúnjẹ Kòríà lò ń tà. Ṣé Kòríà lo ti lọ kọ́ ọ ni?"

"Rárá o, mà. Orí fóònù ni."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀ rí, irú nǹkan báyìí máa ń bí mi nínú. Mo máa ń rò ó pé irọ́ ni kéèyàn fi orúkọ ìlú tí kò dé rí ta ọjà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣàwámà tí gbogbo wa ń jẹ, àwọn ará Lẹ́bánónì ló gbé e wá fún wa, àwa la ki sọ́séèjì bọ inú rẹ̀, débi pé bí kò bá sí sọ́séèjì níbẹ̀, a ó ní wọ́n ti jà wá lólè. Ata tí Yorùbá fi ń yangàn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ata tí àwọn ará Kòríà fi ń yangàn, ibẹ̀ náà ló ti wá. Ta ló fẹ́ wá pe ta ní olè? Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ló mú mi kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fa ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀ báyìí, mo fẹ́ fi han ìyá mi pé kì í ṣe kóòdù nìkan ni mo ń kà. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí fún yín."

Ogun jà ní Kòríà láti 1950 títí di 1953. Ogun yẹn ba ilẹ̀ náà jẹ́ gan-an. Àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà tó wá jà níbẹ̀ kò padà sílé tán. Wọ́n kọ́ bárékè, pàápàá ní agbègbè ìlú kan tó ń jẹ́ Uijeongbu, ní àríwá Seoul. Àwọn ará ìlú kò rí ẹran jẹ. Inú bárékè ni ẹran wà: sọ́séèjì, ẹran inú agolo tí wọ́n ń pè ní Spam. Ni ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Òfin kò fàyè gbà á, nítorí náà wọ́n ń fi pamọ́ rà á ni, wọ́n ń fi pamọ́ tà á. Ẹni tó bá rí i rà á á gé e sínú omi ọbẹ̀ pẹ̀lú ata àti kimchi, ìyẹn kábéèjì kíkan tiwọn, kó lè kárí ilé. Wọ́n sọ ọ́ ní budae jjigae. Ọbẹ̀ bárékè ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Èyí tó wà ṣáájú ìyẹn tún burú jù ú lọ. Àjẹkù àwọn sọ́jà ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń sè pa pọ̀ di ọbẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí ebi ń pa. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ilé-iṣẹ́ Samyang, pé ẹni tó dá a sílẹ̀ rí àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà ní ọjà Namdaemun ní Seoul nítorí ọbẹ̀ àjẹkù yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ìyẹn ló sì mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nódùùsì ní Kòríà ní 1963. Samyang yìí kan náà ló ń ṣe Buldak, nódùùsì alátà tí àwọn ọmọ wa ń jẹ lórí TikTok tí omi ń dà lójú wọn. Lónìí, ní Uijeongbu, òpópónà kan wà tó jẹ́ pé ilé ọbẹ̀ bárékè ló kún ibẹ̀, àwọn àlejò sì ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ gbádùn ara wọn.

Mo sọ gbogbo èyí bí ẹni tó ń sọ àlọ́. Ìyá mi ti gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Àwọn tó jẹ ẹ́ nígbà ogun yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Mo ní ó yẹ kí díẹ̀ ṣì wà nínú wọn.

"Ṣé wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́?"

Mi ò ní èsì. Mo ti ka ìtàn ọbẹ̀ yẹn kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta, ìbéèrè yẹn ò sọ sí mi lọ́kàn rí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ gaàrí fún mi. Kí ó lè yé yín, ó yẹ kí n sọ pé ìyá mi kì í mu gaàrí. Wọn kì í mu ún rárá. Wọ́n lè jẹ ẹ̀bà bí kò bá sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ gbé gaàrí sínú omi tutù síwájú wọn, wọ́n á dìde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ojú ló ń ríran wọn, tàbí pé fáàrí ni. Èmi àti àwọn àbúrò mi a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá olówó," la máa ń pè wọ́n.

Ní 1983, ọ̀dá dá, iná sì jó oko káàkiri. Oko kòkó bàbá ìyá mi wà lára èyí tó jóná. Ní 1984, ọjà wọ́n gógó, àsìkò tí àwọn èèyàn ń tò fún ẹsẹ́ńkò nìyẹn, tí wọ́n ń tìtorí mílíìkì àti ṣúgà lu ara wọn. Iṣu tí Èkìtì fi ń ṣe fọ́ńté di ohun tí wọ́n ń wò lójú ọjà. Ìyá mi wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá wálé, ife gaàrí kan ni ìyá wọn máa ń dà sínú abọ́ fún ọmọ márùn-ún. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń mu ún, kò sí ṣúgà. Ìyá wọn á bu omi sí i, á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ó lè wú.

"A máa jókòó yí abọ́ yẹn ká ni," ni wọ́n wí. "A máa wò ó. Bí gaàrí ṣe ń wú, ó ń dún, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣí-ṣí-ṣí. Àbúrò mi tó kéré jù á máa sunkún pé ó ti wú, ìyá wa á ní kò tíì wú. Mo ṣì ń gbọ́ ọ."

Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń kúrò nítòsí nígbà tí a bá ń bu omi sí i. Àwọn ò fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ẹ gbọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo ti ń mu gaàrí níwájú obìnrin yìí láti kékeré.

Àwa ọ̀dọ́ ti sọ gaàrí di ìgbádùn. Ẹ lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì: gaàrí Ìjẹ̀bú, áìsì, mílíìkì, ẹ̀pà, ẹja díndín, gbogbo rẹ̀ nínú abọ́ tó ń dán, kámẹ́rà lókè rẹ̀. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Gaàrí fúnra rẹ̀ náà sì ní ẹkún tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Àwọn Pọtogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Brazil, lásìkò tí òwò ẹrú ń lọ lórí òkun kan náà, àwọn Àgùdà tó sì padà wá láti oko ẹrú ní Brazil wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n àtiṣe gaàrí ká ilẹ̀ wa. Ṣúgà tí a ń dà sí i náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ n má bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí o bá ní kí o máa wádìí ẹkún inú oúnjẹ, ebi ló máa pa ọ́." Òótọ́ ni. Nínú iṣẹ́ wa, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ git blame. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á fi ẹni tó kọ ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan hàn ọ́, àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Kò ní sọ fún ọ bóyá oorun ń kun onítọ̀hún lọ́jọ́ náà, tàbí bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e níṣẹ́. Kóòdù á sì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Èèyàn lè jẹ sọ́séèjì Kòríà kó má mọ̀ pé ogun jà, adùn rẹ̀ kò ní dín. Mi ò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ebi tó bí oúnjẹ kò sọ oúnjẹ di èèwọ̀. Bí ọmọ àwọn tó tò ní Namdaemun bá ń fi ọbẹ̀ bárékè ṣe fàájì lónìí, ohun tí àwọn òbí wọn ń gbàdúrà fún ni: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí wọ́n jọ jókòó yí abọ́ kan náà ká, ojoojúmọ́ ló ń mu gaàrí, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, bí ẹni ń lo oògùn. Ó ní gaàrí ló gba ẹ̀mí àwọn là, òun ò ní kẹ́yìn sí i. Abọ́ kan, ebi kan, ìdájọ́ méjì. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé oúnjẹ ebi ń dun gbogbo ẹni tí ebi pa. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ebi náà pa ló ni ìdájọ́ yẹn, èmi kọ́. Mo lè gbádùn gaàrí mi. Àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti fẹ́ kí ìyá mi wá gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú mi, tí inú ń bí mi pé wọ́n kọ̀, tí mo wá sọ kíkọ̀ wọn di àwàdà.

Torí pé mo ṣe é. Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, gbogbo wa wà nílé ní Ìyìn, a po gaàrí tútù nini. Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e sí ẹnu ìyá mi, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Wọ́n fi ọwọ́ gbá a dànù, ó dà sórí ìró wọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo kọ "Ìyá olówó kì í mu gaàrí" sí i lábẹ́, mo gbé e síta. Èyí tí àwọn èèyàn wò jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé síta rí nìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Adébáyọ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àga oníke, ọmọbìnrin náà sì ń wò wá, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ní kí n dìde jàre, pé ìdọ̀tí ń kó sí mi láṣọ. Wọn ò sọ pé kò burú. Wọ́n tún fọ́ọ̀kì gbé, wọ́n gún sọ́séèjì kan.

Mo ní, "Màámi, bí ẹ ò bá fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́..."

"Èmi? Kí ló kàn mí nínú ogun Kòríà? Ẹkún àwọn ẹlòmíì ló wà nínú eléyìí, kì í ṣe tèmi." Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún jẹ òmíràn. Wọ́n wá pe ọmọbìnrin náà, wọ́n bi í léèrè pé sọ́séèjì mélòó ló wà nínú páálí kan, èló ni páálí, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún un níbẹ̀ pé ó ń tà á ní ọ̀pọ̀. Wọ́n ní bó bá fi uyán sí ẹ̀gbẹ́ ọbẹ̀ yìí dípò nódùùsì, àwọn á máa wá láti Ìyìn.

Mo ti yọ fídíò náà kúrò lójú ewé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun téèyàn bá pa rẹ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò ní kó má wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú gúrúùpù WhatsApp kan tí mi ò mọ ju èèyàn méjì lọ níbẹ̀, ẹnì kan tí wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ fi sítíkà kan fèsì. Ojú ìyá mi ni, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbá ṣíbí dànù.