Ọlọ́pàá àti Àpò Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, àti lẹ́nu àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọlọ́pàá tí ń dá ọ̀dọ́ dúró lójú ọ̀nà láti tú àpò wọn wò: “Ẹni tí kò jalè, kí ni yóò máa bẹ̀rù?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwa kò gbà pé ó tọ́, a sì ń fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa gbé e yẹ̀wò.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn a kọ́kọ́ ké “Àgò o!” Kì í ṣe nítorí pé onílé ní ohun tí ó fi pamọ́ ni a ṣe ń ké e, bí kò ṣe nítorí pé tirẹ̀ ni ilé náà. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ni àgò tí ìjọba ń ké. Òfin gbogbogbòò ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Nítòótọ́, bí ilé bá ń jó, kò sí ẹni tí yóò dúró ké àgò. Nítorí náà ni òfin fi gba ọlọ́pàá láàyè láti tú ara ènìyàn wò láìgba ìwé àṣẹ, bí ó bá ní ìdí tí ó yè kooro láti fura pé ẹni náà gbé ohun tí a jí. Ṣùgbọ́n èéfín ni a fi ń mọ̀ pé ilé ń jó. Èéfín wo ni ọlọ́pàá rí?

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Òṣogbo kọjá sí Ìkìrun àti Ìnísà, títí dé Òkukù níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan, yóò mọ irú àwọn tí ń wọkọ̀ níbẹ̀: ọmọkùnrin tí ó dirun, tí ó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn. Irun àti kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn mìíràn ń pè ní èéfín. Wọn a ní ọmọ Yahoo ni. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé ọjọ́ orí, irun àti aṣọ nìkan kò tó ìdí láti tú ènìyàn wò. Ní Oṣù Kejì ọdún náà ni Tiamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, kú ní Ṣàgámù lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá mú un. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri, a sì tú ẹ̀ka SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

A kò wí pé kò sí olè. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ẹ̀rọ lu jìbìtì, ó sì ń dun ni. (Baba tí ọmọ rẹ̀ ra mọ́tò láìníṣẹ́, tí kò sì béèrè ibi tí owó ti wá, kò lẹ́nu láti máa pe ọlọ́pàá sí ọmọ ẹlòmíràn.)

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọmọdé. Àgbàlagbà lè béèrè pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?” Ọmọ ọdún 15 kò lè béèrè bẹ́ẹ̀, àwa tìkára wa ni a sì kọ́ ọ kí ó má ṣe jiyàn pẹ̀lú àgbà. Bí ó bá béèrè, a ó ní ó ya aláfojúdi. Bí ó bá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, a ó ní ó ti jẹ́wọ́. Bí ó bá na àpò rẹ̀ sílẹ̀, a ó ní òun ni ó yọ̀ǹda. Ẹ̀kọ́ rere tí a fi tọ́ ọ ni ó dè é lọ́wọ́ yìí. Nítorí irú èyí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti gbà wọlé, fi pàṣẹ pé bí a bá mú ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18, kí a fi tó òbí rẹ̀ létí láìjáfara.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2020, ní Hackney ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí a fura pé ó ní igbó lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ ni ó pe ọlọ́pàá, wọ́n sì dúró síta. Kò sí òbí tàbí àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò rí igbó kankan. Kò jalè, ẹ sì wo ohun tí ó pàdánù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, bí ọlọ́pàá bá wá sí ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́la, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èéfín tí ó rí, ẹ ránṣẹ́ sí baba tàbí ìyá ọmọ náà kí a tó ṣí àpò, kí ẹ má sì dúró síta.