Ta Ló Ni Èsì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí: bí wọ́n bá gbé ìbéèrè wá sílé yín, tí ẹ dáhùn, tí wọ́n wá gbé èsì lọ, ta ló ni èsì ọ̀hún?

Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí arán. Wọ́n tọ àwọn àgbà Ìdíkàn n'Íbàdàn lọ, àwọn ẹni ọdún 65 sókè. Yorùbá ni wọ́n fi bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2001, nínú 100 àgbà, nǹkan bí 1.35 ni arán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni.

Iyì ńlá nìyẹn. Àmọ́ kékeré kì í ṣe òfo. Arán ṣì wà nílé wa. Ìyá arúgbó á jẹun tán, á ní òun ò fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀. Ìyàwó ilé á búra pé òun fún un lóúnjẹ. Ìjà dé. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì: ibi tí ọpọlọ fi ń kó ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi lè rántí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì rántí ẹ̀kọ àárọ̀ yìí. Tó bá wá lọ ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ohunkóhun tó bá sọ, wọ́n á ní ó ń jẹ́wọ́.

Àwọn kan ní títí tí wọ́n á fi rí oògùn tó ń wo arán sàn, ìwádìí ò tíì wúlò fún mẹ̀kúnnù. Èmi ò gbà. Ká mọ̀ pé àìsàn ni, oògùn ni fún ará ilé, bí kò tilẹ̀ wo aláìsàn sàn. Ó lè gba ìyá sílẹ̀ lọ́wọ́ òkò. Ìmọ̀ tó lè ṣe báyìí, tó wá jókòó sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ni.

Ta ló jẹ gbèsè náà? Ẹ má wo dókítà nìkan. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá náà jẹ níbẹ̀. "Ṣé o ti ń ṣarán ni?" Èébú la fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe láàárín ara wa. Èdè tí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, òun náà ló yẹ kí èsì bá padà wálé. Ẹni tó mọ eré kọ, kó kọ ọ́. Ẹni tó ń kéwì lórí rédíò, kó fi kéwì. Àgbà tó dáhùn ti ṣe tirẹ̀. Ó ku tiwa.