Ta Ni Ó Ni Omi Àdúgbò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, bí owó ìrànwọ́ kékeré bá wọ àdúgbò kan ní Sàngó-Ọ̀tà, ta ni yóò sọ ohun tí a ó fi ṣe? Ṣé onílé nìkan ni?

Àwọn kan ń sọ pé ayálégbé tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kò ní pẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń dá owó ọdẹ, a kì í ṣi ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ̀!

Ètò Community and Social Development Project tí Báńkì Àgbáyé fi owó ràn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà láti 2009 béèrè pé kí ará àdúgbò fúnra wọn yan iṣẹ́, kí wọ́n sì dá ìdá 10 nínú 100. Ẹni tí ó dá owó kò ní dákẹ́ bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́.

Ẹ̀sìn rẹ̀ ńkọ́? Sàká ní àwọn ènìyàn mẹ́jọ tí Al-Kùránì kà (9:60). Sàráà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí aládùúgbò tí kò bá wa jà (60:8). Sayyidina Uthman ra kànga Rúmà ní Mẹdínà, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, korobá tirẹ̀ kò sì ju ti ẹlòmíràn lọ níbẹ̀.

Nítorí náà, kí a má fi ìpàdé sí àkókò tí òṣìṣẹ́ alẹ́ ń sùn. Bí àwọn obìnrin tí ń pọn omi kò bá sì sí níjòókòó, kí a sún un síwájú.