Nígbà tí Èkó Ń Sanwó Gbọ́ Òótọ́

Lọ́dún 1944, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hubert Ògúndé kó akọrin ìjọ Aládùúrà lọ sí Glover Memorial Hall ní Èkó, wọ́n ṣeré ọgbà Édẹ́nì, wọ́n fi wá owó kíkọ́ ilé ìjọsìn. Lọ́dún kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun, Ògúndé sì gbé ìyà wọn lọ sórí ìtàgé. Nígbà tí eré ọ̀hún dé Jos lọ́dún 1946, àwọn amúnisìn fòfin dè é.

Mo yin òṣèré, àmọ́ òǹwòran ni mo fẹ́ yìn jù. Ẹni tó ti ṣe làálàá láti àárọ̀ yóò yọ owó lápò, yóò jókòó ti aládùúgbò rẹ̀, yóò sì gbà kí wọ́n bá òun wí lójú gbogbo ayé.

Ọdún 1964 ló wá le jù. Nínú eré Ògúndé tó ń jẹ́ Yorùbá Ronú, ọba kan wà tí igbákejì rẹ̀ dà á. Lásìkò tí Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, tí Akíntọ́lá, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ rí, wà lórí àlééfà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ta ló nílò ògbifọ̀? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo agbègbè náà. Kò tọrọ àforíjì. Ó kọ eré mìíràn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò.

Ta ló tún ń fòfin de eré wa báyìí? Kí ni wọ́n fẹ́ fòfin dè? Olóṣèlú jókòó níwájú, òṣèré ń ki í mọ́ orúkọ, olóṣèlú ń náwó fún un. Òǹwòran tan fóònù sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Ilé ìṣeré Iganmu tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977 bàjẹ́ títí, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é; ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dà ni a fi ń tún ìgboyà ṣe. Àwọn kan ṣì ń ṣeré gidi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ kọ̀ńdọ́ dánfó kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn.

Ẹ̀yin olówó wa tí ẹ ń ná mílíọ̀nù sóde ọjọ́ kan, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé ìwé, kí ẹ jókòó sáàárín wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣèré bá gbogbo wa wí.