Ǹjẹ́ "N Kò Rí I" àti "Kò Sí" Jẹ́ Ọ̀kan Náà?

Gbólóhùn méjì kan wà tí a máa ń lò bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Èkíní ni "n kò rí i." Èkejì ni "kò sí." Bí ìyá bá rán ọmọ lọ mú ṣíbí wá láti ilé ìdáná, tí ọmọ kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì pariwo pé, "Mọ́mì, kò sí ńbẹ̀," gbogbo wa mọ ohun tí ìyá yóò fi dá a lóhùn. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ní ọdún 2001, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan ń ṣe ìwádìí lórí asthma, àìsàn tó máa ń dí ọ̀nà èémí. Ó fẹ́ kí àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, fa oògùn kan tí wọ́n ń pè ní hexamethonium símú. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó wá a bóyá oògùn náà lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ó wò ó nínú PubMed, ibi tí wọ́n kó ìwé ìwádìí ìṣègùn jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti nínú àwọn ìwé mìíràn. Kò rí ewu tó tó láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọdún 1966 ni PubMed ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé tó sọ nípa ìpalára tí oògùn yìí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró ti jáde ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí níbẹ̀, fa oògùn náà ní oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ó kú.

Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí àléébù mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ìwé tí a kò rí yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Ǹjẹ́ oníṣègùn yìí purọ́? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó wá a ní tòótọ́. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní oko baba òun ló tóbi jù. Ọmọdé inú òwe yìí kò purọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ tó ló sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi kún un pé, "nínú oko tí mo ti dé."

Àfikún kékeré yẹn ni mo gbà pé wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè dókítà, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ìwé fún systematic review. Nínú iṣẹ́ yìí, gbogbo ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí ìbéèrè kan ni a ó wá jọ, tí a ó yẹ̀ wò, kí a tó sọ ohun tí wọ́n jùmọ̀ fi hàn. Àǹtí mi kan wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Ìbéèrè tiwọn dá lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláboyún. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ló kọ́ wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ to gbogbo orúkọ tí ohun kan ń jẹ́. Àwọn ará ìlú Ọba ń kọ anaemia, àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ anemia. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan lè pàdánù èkejì. Ibà wà lára ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, nítorí náà wọ́n to malaria mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní Benin àti Tógò, nítòsí wa níbí, paludisme ni wọ́n ń kọ. Wọn kò sì gbọdọ̀ dúró sí ibì kan. Bí wọ́n bá kúrò ní MEDLINE, wọ́n á lọ sí Embase, wọ́n á sì dé African Journals Online, níbi tí wọ́n kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà kò sí nínú MEDLINE. Ẹni tó jókòó sí òkè òkun lè wá a níbẹ̀ nìkan, kó sì kọ ọ́ pé kò sí ìwádìí láti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí ìwádìí náà wà lórí pẹpẹ ní Ìbàdàn. Ó ti sọ làálàá ẹlòmíràn di òfo láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè dé gbogbo ibi, kó sì tún ṣe àbòsí. Ó lè máa wá àléébù lára ìwé tó ta kò ó nìkan. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀: irú ìwé wo ni yóò gbà, èwo ni yóò kọ̀. Bí ó bá parí, yóò sọ ibi tó wá, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, ọjọ́ tó wá a, iye tó rí, iye tó yọ kúrò àti ìdí tó fi yọ wọ́n. Ìlànà PRISMA, tó jáde ní ọdún 2009, ń béèrè fún èyí.

Bàbá mi ní ta ló ní àsìkò. Ìbéèrè gidi ni. Dátà wọ́n, iná kì í dúró, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó wọ Embase; kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga ló lè san án. Mo gbà pé a kò lè bi ènìyàn ní ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ láti kọ ọ́ pé, "n kò dé Embase," kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé tí Àǹtí mi rí, méjì ta ko ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ọ̀gá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n fi méjèèjì sí i, wọ́n sì ń tún orí kẹta kọ lọ́wọ́.